Ìwé Ẹ̀yìn Mọ́nítọ̀

Bọ̀dá Ṣèyí kò tíì jẹ́ kí n jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú àbùkù ọjà rẹ̀ síta. Ó yí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ mi, ó sì na ìka sí ìwé pélébé kan tó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ọn.

"Àbúrò, kà á sókè kí n gbọ́."

Bírò pupa ló fi kọ ọ́. Mo kà á: "Ilà tín-ín-rín kan wà lójú rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ojú dúdú kan wà nísàlẹ̀ lápá òsì, ó tó àtàǹpàkò méjì. Ìdí nìyí tí mo fi dín owó rẹ̀ kù."

Sharon, ọ̀rẹ́ mi tó sìn mí wá, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Bọ̀dá, ẹ̀ ń ta ọjà, ẹ tún ń bà á lórúkọ jẹ́."

"Ẹni tó tà á fún èmi ò sọ," Bọ̀dá Ṣèyí dáhùn. "Ilé ni mo gbé e dé kí n tó rí i. Èmi ò ní ṣe ẹnì kankan bẹ́ẹ̀." Ó tan mọ́nítọ̀ náà, mo sì fojú ara mi rí gbogbo ohun tó kọ. Ilà yẹn kò tó nǹkan. Ojú dúdú yẹn gan-an ni kò dùn ún wò, ó dà bíi pé ẹnì kan fi ìka eléèédú tẹ ibẹ̀. "Gbé e lọ, kí o lò ó wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, gbé e padà wá kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, n ó dá owó rẹ padà. Sátidé yẹn ni mò ń kó ẹrù mi lọ sílé ní Ilaporu. Tí mo bá ti lọ, ó di tìrẹ nìyẹn."

Ẹni tó bá mọ Àgọ́-Ìwòyè á mọ àsìkò tí mò ń wí. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, bíi Bọ̀dá Ṣèyí, bá ti ṣe ìdánwò tán báyìí, iwájú gbogbo ilé tí wọ́n ń gbé á di ọjà. Wọ́n á kó bẹ́ẹ̀dì síta, wọ́n á kó fáànù, sílíńdà gáàsì, ìkòkò, títí kan kọ́tìnì ojú fèrèsé. Àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó á gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ lọ ra ohun tí agbára wa kò ká ní tuntun. Ohun tó gbé èmi náà débẹ̀ nìyẹn, nítorí Bàbá.

Bàbá tí mò ń wí yìí, àwọn ló bí bàbá mi. Gbogbo Òkè-Ṣópẹn ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń pè wọ́n ní Hẹ́dímásítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Màámi jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Abigi, lọ́hùn-ún ní Ogun Waterside, ibẹ̀ náà ni bàbá mi ti ń ṣe tíṣà. Nígbà tí Màmá àgbà kú nínú oṣù Òkúdu, àwọn òbí mi ní kí n wá máa gbé ọ̀dọ̀ Bàbá kí n lè máa tọ́jú wọn. Ìtọ́jú wo? Bàbá ló ń jí mi láàárọ̀. Bàbá ló ń bi mí ní ìbéèrè iṣẹ́ àmúrelé. Bàbá náà ló ń gbé ẹran tó tóbi jù sínú àwo mi, tí wọ́n á ní eyín àwọn ò ká a mọ́, bẹ́ẹ̀ eyín náà le ju tèmi lọ.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà, Bàbá kì í ṣí rẹ́jísítà kí wọ́n tó pe orúkọ. Orí ni wọ́n ti ń pè é, ọmọ márùndínláàádọ́ta, láìfo ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún, ní Sọ́ńdè tí a fi ń rántí àwọn ọmọ ìjọ tó sùn láàárín ọdún. Wọ́n á dìde dúró láìmú ìwé lọ́wọ́, wọ́n á sì pe àwọn olóògbé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àrùn ojú kan wọlé dé. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń mú ìmọ́lẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wá ku ààyè kékeré láàárín, bí ẹni tó ń yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá kò rí ìwé orúkọ náà kà kí wọ́n lè há a sórí. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló bá wọn pè é, ó sì ṣi orúkọ mẹ́ta pè. Bàbá ń pòṣé láti ṣọ́ọ̀ṣì délé.

Ti ọdún yìí wá yàtọ̀, torí pé orúkọ Màmá àgbà wà nínú rẹ̀.

"Èmi fúnra mi ni n ó pe Rẹ̀mílẹ́kún," Bàbá wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi ṣì í pè."

Bọ̀dá Adéfọlá, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Abẹ́òkúta, ló wá ọ̀nà àbáyọ. Kọ̀ǹpútà wọn àtijọ́ wà nílé, mọ́nítọ̀ rẹ̀ nìkan ló ti kú. Bí a bá rí mọ́nítọ̀ ńlá kan, a lè sọ lẹ́tà di gbẹ̀ǹgbẹ̀, kí Bàbá fi ìwọ̀nba ojú tó kù fún wọn kà á. Wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí mi, wọ́n sì pè mí. "Ẹnìtàn, ìwọ lo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ra èyí tí ojú rẹ̀ mọ́. Má ra jákujàku fún Bàbá o!"

Ìdajì owó náà péré ni Bọ̀dá Ṣèyí gbà. Ìdajì kejì wà lápò mi, kò sì jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fóònù mi fún yín kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti jábọ́ nílé ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, gbogbo ojú rẹ̀ sì sán. Àwọn ọmọ kíláàsì wa wá sọ ọ́ ní Ilé Aláǹtakùn. "Ẹ pe Ilé Aláǹtakùn kó wá ya fọ́tò wa!" ni wọ́n á máa wí, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ gbá ara wọn. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí.

Nínú Márúwá tó gbé wa bọ̀, Sharon tẹnu bọ etí mi. "Lo orí ẹ, Ẹnìtàn. Ṣebí ojú ló ń da Bàbá yín láàmú? Wọn ò lè rí ojú dúdú yẹn. Bọ̀dá Adéfọlá wà ní Abẹ́òkúta. Ta ló máa mọ̀? Jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ Akóredé kó bá ẹ pààrọ̀ ojú fóònù ẹ."

N kò ní purọ́ mọ́ Sharon. Ẹnu lásán ló fi sọ tiẹ̀, ọwọ́ tèmi ló ṣiṣẹ́. Kí a tó dé ṣọ́ọ̀bù Akóredé ní Òkè-Àgbò, mo ti fi èékánná bó ìwé Bọ̀dá Ṣèyí kúrò lẹ́yìn mọ́nítọ̀. Akóredé pààrọ̀ ojú fóònù mi láàárín wákàtí kan, ó ń dán gbinrin bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ká a kékeré, mo sì tì í sẹ́yìn fóònù, lábẹ́ ìbora rẹ̀. Kí ló dé tí n kò jù ú sí gọ́tà? Títí di òní, n kò lè sọ.

Inú Bàbá dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé wọ́n gbàgbé oúnjẹ. Mo ti tẹ gbogbo orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà, mẹ́tàlélógójì, mẹ́fà mẹ́fà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bàbá fà mọ́ tábìlì. Wọ́n ń rọra gbé orí kiri bí adìyẹ tó ń wá oúnjẹ, títí ihò kékeré ojú wọn fi bọ́ sórí lẹ́tà àkọ́kọ́.

"A," wọ́n wí. "S. I. Asimawu! Ìyá oníyẹ̀fun, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ẹnìtàn, mo kàwé! Wò ó, èmi Hẹ́dímásítà ni mo tún kàwé!"

Wọ́n rí ilà ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà. Mo ti ń wá àwáwí. Àmọ́ Bàbá mi orí ní tiwọn. "Ẹni tó ṣe mọ́nítọ̀ yìí mọ ìwé. Ó bá wa fa màájìnnì sí i. Ọwọ́ òdì ló kàn fà á sí." Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n sì fi oríkì mi pè mí. "Àbẹ̀kẹ́, o mọ ọjà rà. Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ọmọ tó ń gbọ́ràn." Iná lọ kí wọ́n tó dé orúkọ kẹfà. Inú mi dùn pé ó lọ, torí n kò mọ ibi tí n bá gbé ojú mi sí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, a tún jókòó. Bàbá ka ẹni kìíní dé ẹni karùn-ún. Nígbà tó kan ẹni kẹfà, wọ́n dákẹ́. Wọ́n yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n fi ìka wá ojú mọ́nítọ̀ títí ìka náà fi dúró síbi tó yẹ gẹ́lẹ́.

"Ẹnìtàn, wá bá mi wò ó. Kí ló wà níbí?"

Ojú dúdú náà ni ìka wọn wà lé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ. Mo ronú kan Bọ̀dá Adéfọlá, mo ronú kan fóònù tó wà lápò mi, ni ẹnu mi bá yára jù mí lọ.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bàbá. Ó mọ́ kedere."

"Ó mọ́?"

"Ó mọ́, sà."

Wọ́n rọra ká ìka wọn kò. "Ó dáa. Á jẹ́ ojú tèmi ni." Wọ́n ní kí n ka ẹni kẹfà fún àwọn, mo kà á. Wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè há a sórí.

Ojú ìwé mẹ́ta ni wọ́n kà láàárín ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ti ka márùn-ún, wọ́n á dúró, èmi á sì ka ẹni kẹfà fún wọn. Ẹ̀fẹ̀ wọn dín kù. Nílé ìwé, àwọn ọmọ kíláàsì wa ń fi fóònù mi ṣe dígí wo ojú ara wọn. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán!" Sharon ń pariwo. Ohun tí mo ti ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé, kò sì dùn lẹ́nu mi rárá.

Ọjọ́rú ló wá bá mi. Ojú ìwé karùn-ún la dé, Bàbá sì mọ ẹni tí wọ́n ń lọ bá níbẹ̀, nítorí bí àwọn olóògbé ṣe tẹ̀ lé ara wọn lọ la ṣe kọ wọ́n. Wọ́n ti dé fìlà. Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n dé fìlà láti ka orúkọ ìyàwó wọn. Ẹni kìíní, ẹni kejì, títí dé ẹni karùn-ún. Wọ́n tẹ̀ síwájú, imú wọn sì kan ojú mọ́nítọ̀.

"Rẹ̀mí dà?"

Mo wo ojú dúdú tó bo orúkọ náà.

"Àwọn tó kù tí mi ò rí, mo fara dà á. Èyí ni mi ò lè fara dà." Wọ́n ṣí fìlà wọn. "Pa á, Ẹnìtàn. Bá mi pe Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí fóònù. Sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹlòmíì tí yóò pe orúkọ ní Sọ́ńdè."

Kí wọ́n tó jí lọ́jọ́ kejì, mo tan kọ̀ǹpútà, mo sì tún àwọn orúkọ náà tò ní márùn-ún márùn-ún, mo ti gbogbo wọn sókè kúrò níbi ojú dúdú yẹn. Mo rò pé ọgbọ́n dé. "Bàbá, ẹ wá wò ó, ó ti dáa báyìí," mo wí. Bàbá ní kí n má ṣèyọnu, pé ojú tó ń lọ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọn kò sún mọ́ tábìlì náà mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti ilé ìwé dé, mo sì bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n di ojú wọn méjèèjì pinpin. Ọwọ́ kan wà lára ògiri, wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń ka ìṣísẹ̀ lábẹ́lẹ̀. "Mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Ilẹ̀kùn." Wọ́n yà. "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta..." Orúnkún wọn gbá àga, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

Wọn kò la ojú. "Mò ń kọ́ ilé mi sórí. Ojú dúdú tuntun kan wọlé ní Sọ́ńdè, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò fẹ́ sọ fún bàbá rẹ, kí ó má fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá. Ti tẹ́lẹ̀ máa ń rọra wọlé ni, ọ̀kan lọ́dún. Eléyìí dé lóòjọ́, ó sì dúró sójú kan, kì í kúrò. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ bá mi ní ìmúrasílẹ̀ tó bá ṣú pátápátá. Ìwọ náà ń lọ sí yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò lè so ọ́ mọ́ ẹsẹ̀ mi."

Ẹkún gbé mi. Kì í ṣe ẹkún jẹ́jẹ́ o, mo ké tòò bí ọmọ ọwọ́. Bàbá la ojú wàì. Bí ẹ̀rù bá ba Bàbá, èdè Ìjẹ̀bú ló máa ń bọ́ lẹ́nu wọn, òun náà ni wọ́n fi bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ẹ̀ẹ́ ti jẹ́? Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ́ ti jẹ́?"

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀. Mo yọ ìbora fóònù mi, mo sì tú ìwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kò lè kà á, èmi ló yẹ kí n kà á. Mo kà á sókè, bí mo ṣe kà á fún Bọ̀dá Ṣèyí, títí kan ibi tó kọ ọ́ sí pé ó tó àtàǹpàkò méjì. Mo sọ bí mo ṣe bó o. Mo sọ ti Akóredé. Mo sọ ti Sọ́ńdè, nígbà tí mo ní ó mọ́ kedere.

Bàbá wá àga, wọ́n jókòó.

"Ojú mi kọ́?"

"Ojú yín kọ́, Bàbá."

"Mọ́nítọ̀ ni?"

"Mọ́nítọ̀ ni, sà."

Omi dà lójú wọn. Ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ pè é, ayọ̀ sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n nu ojú tán ni mo rí ìbínú lábẹ́ rẹ̀. Bàbá kò pariwo. Ó sàn kí wọ́n pariwo.

"Ẹnìtàn," wọ́n wí, wọn kò pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, "ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń sin ojú mi. Mo ti sunkún rẹ̀ tán. Ìwọ sì ń wò mí."

Mo kàn di ẹsẹ̀ wọn mú.

Nígbà tó yá, wọ́n mí kanlẹ̀. "Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ lò tó ogún ọjọ́. Bóyá o ò mọ irọ́ pa dáadáa, mo dúpẹ́." Ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò tíì parí. "Pe Adéfọlá. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún un."

Mo pè wọ́n. Mo rò pé Bọ̀dá Adéfọlá á bú mi, ọkàn mi á sì balẹ̀. Wọn kò bú mi. "Ẹnìtàn, ìwọ?" ni wọ́n ń tún sọ. "Ìwọ?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ìdájọ́ tí Bàbá bá ti dá, ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Bàbá sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n na ọwọ́. "Gbé fóònù náà wá. Owó ojú mi lo fi ra ojú fún un, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé. Ó di lẹ́yìn Kérésìmesì." Wọ́n tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, láàárín gíláàsì wọn àtijọ́ àti ìwé orin. Mo wò ó lọ bí ẹni ń sìnkú, n kò sì lè jiyàn.

Ó wá ku mọ́nítọ̀. Ọ̀la ni Sátidé. Mo sọ fún Bàbá pé ààyè ṣì wà, pé n ó gbé e padà fún Bọ̀dá Ṣèyí láàárọ̀ kí ó dá owó wa padà. Ṣùgbọ́n ìdajì owó ni yóò dá padà, ìdajì owó kò sì lè ra èyí tí ojú rẹ̀ mọ́. Bí mo bá gbé e lọ, kò sí ohun tí Bàbá á fi kọ́ orúkọ tó kù kó tó di Sọ́ńdè. Bí mo bá fi í sílẹ̀ kọjá ọ̀la, àbùkù rẹ̀ di tiwa títí láé. Gbogbo rẹ̀ kò ní já sí èyí ká ní òótọ́ ni mo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Tan án," Bàbá wí. "Mú ìka mi, kí o fi yí ojú dúdú náà ká."

Mo mú ìka ìfábẹ̀lá wọn, mo fà á yí etí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò jù báyìí lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Bàbá."

"Èyí náà ni mo ń bẹ̀rù?" Wọ́n mi orí. "Wò ó, ọmọ mi. Èmi tí ò ń wò yìí, alábùkù ni ojú mi, ọdún mẹ́fà rèé tí a ti jọ ń gbé. Àbùkù tí mo bá mọ ibi tó wà, mo lè yà fún un. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ fún mi ló ń gbé mi ṣubú. Mọ́nítọ̀ yìí ò ní padà síbì kankan. Ó dúró. Pe ọmọkùnrin yẹn, kí o bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí òun sọ òótọ́. Kí o sì pe Fíkà, sọ fún wọn pé Hẹ́dímásítà ti gba iṣẹ́ rẹ̀ padà."

Fóònù Bàbá tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ni mo fi pè wọ́n. Bọ̀dá Ṣèyí ti so ẹrù rẹ̀ tán. "Bàbá mọ̀ nípa ojú dúdú yẹn, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" ó bi mí. Mo ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa bí wọ́n ṣe mọ̀." N kò rò pé ó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí tó.

Bàbá dé fìlà wọn padà sórí. Mo ṣí ojú ìwé tí mo ti tún tò. Ẹni karùn-ún ni Màmá àgbà lójú ìwé náà báyìí, orúkọ wọn sì ga kúrò níbi ojú dúdú yẹn. Bàbá rọra gbé orí títí wọ́n fi bá a pàdé. Wọ́n kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀.

"Ìwọ nìyí," wọ́n wí. "Mo ti ń wá ọ láti Ọjọ́rú."

Gbogbo Sátidé la fi kọ́ àwọn tó kù. Ní Sọ́ńdè, mo di ìgúnpá Bàbá mú títí a fi dé iwájú ìjọ. Wọn kò mú ìwé lọ́wọ́. Ohùn Hẹ́dímásítà jáde bí ìgbà tí wọ́n wà ní kíláàsì, ó mọ́, kò yára, àwọn tí wọ́n kọ́ lọ́mọdé tí wọ́n ti hewú wá ń jókòó dáadáa lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n pe ẹni kìíní títí dé ẹni kọkàndínlọ́gbọ̀n, láìṣi ẹyọ kan.

Wọ́n wá dákẹ́.

Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé, mo sì tẹ̀ sí etí wọn láti sọ ọ́. Bàbá fọwọ́ tẹ ọwọ́ mi pé kí n fara balẹ̀. Wọn kò gbàgbé. Wọ́n kàn fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀ ni.

"Rẹ̀mílẹ́kún," wọ́n wí. Wọn kò fi orúkọ ìdílé kún un bí ti àwọn tó kù. Bí wọ́n ṣe máa ń pè é láti pálọ̀ sí ilé ìdáná ni wọ́n ṣe pè é, bíi pé ó máa dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀síwájú, títí dé ẹni kẹtàlélógójì.

Mọ́nítọ̀ náà ṣì wà lórí tábìlì wa. Bàbá ní kí n lẹ ìwé Bọ̀dá Ṣèyí padà, mo sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní rárá, iwájú ni. Ó wà níwájú báyìí, lábẹ́ ojú dúdú yẹn gan-an, àwọn àlejò sì máa ń kà á kí wọ́n tó jókòó. Sharon náà kà á nígbà tó wá kí mi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, n kò mọ iye irọ́ tí ẹ̀yin ti pa rí. Èyí tí mo pa kò ju gbólóhùn kan lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bàbá mi àgbà di afọ́jú. Bí nǹkan bá ní àbùkù, ẹ sọ ọ́. Àwọn tó fẹ́ràn yín á bá a gbé. Bàbá ń bá tèmi náà gbé, torí lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ìjọ, wọ́n fara ti èjìká mi.

"Àbẹ̀kẹ́," wọ́n wí, "rọra. Sọ fún mi ibi tí àtẹ̀gùn wà."

Mo sọ ibi tó wà gan-an fún wọn.